Àbúrò mi ń lọ míṣọ̀n: ṣé ogun ni àbí fàájì?

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀ béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Àbúrò mi ọkùnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, kọ́púrà ni nínú iṣẹ́ ológun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí pé orúkọ òun jáde mọ́ ti àwọn tó ń lọ míṣọ̀n, iṣẹ́ ìpẹ̀tùsááwọ̀ nílẹ̀ òkèèrè, lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN), pé àwọn á kọ́kọ́ lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Jàjí. Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ nílé, ni wàhálà bá dé.

Màmá wa ò jẹun kánú láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní ogun ni wọ́n ń mú ọmọ àwọn lọ, ogun tí kò kan ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní irọ́ ni, fàájì ni wọ́n ń lọ ṣe, pé wọ́n á jókòó sábẹ́ àgọ́, wọ́n á máa bá àwọn ọmọdé ya fọ́tò, dọ́là á sì máa wọlé. Wọ́n tiẹ̀ ti lọ bá àwọn onílẹ̀ ní Akínyẹlé pé kí wọ́n bá àwọn di púlọ́ọ̀tì méjì mú, owó ń bọ̀ láti òkè òkun. Ẹni tó ń lọ gan-an kò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ yìí.

Ẹnu ọ̀nà bárékè Òdógbó ni mo ti ń ta àmàlà, ọdún kẹtàlá rèé. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá ṣójà sọ̀rọ̀, àmọ́ tí mo bá ti béèrè ọ̀rọ̀ míṣọ̀n lọ́wọ́ wọn, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n bu ẹran sí i. Èwo ni ká gbàgbọ́? Kí ni kí n sọ fún màmá mi?

Ọmọ Mọ́kọ́lá dáhùn:

Ẹ má mikàn, mà. Àwọn ṣójà UN kì í jà. Òfin wọn ò gbà kí wọ́n yìnbọn rárá. Ẹ wo Rwanda ní 1994, ojú wọn ni wọ́n ṣe ń pa àwọn èèyàn bí ẹni ń pa ẹran, wọ́n kàn ń wò ni. Àbúrò yín á lọ, á sì bọ̀. Èyí tó ń dùn mí ni pé UN ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó ní owó, ó yẹ kó lè fi agbára parí ogun níbikíbi, kò kàn fẹ́ ṣe é ni.

Sájẹ́ǹtì Mọníyà dáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn àbúrò. Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, Mọníyà ni mò ń gbé. Mo lọ míṣọ̀n, Sierra Leone ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Liberia ni mo parí rẹ̀ sí. Kì í ṣe ogun, kì í sì í ṣe fàájì. Ìjà ni wọ́n ní kí ẹ lọ là, ẹ sì mọ̀ pé onílàjà ní í fi orí gbọgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹ ti ń tajà. Adékúnlé Fájuyì ni wọ́n fi sọ bárékè yẹn. Gbogbo Ìbàdàn ló mọ bí wọ́n ṣe mú òun àti àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, nílé ìjọba níbí ní oṣù Keje 1966, tí wọ́n sì lọ pa wọ́n lọ́nà Lálúpọn. Àwọn tó mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló ti lọ míṣọ̀n rí kò pọ̀. Congo ni Fájuyì ti gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross nítorí ìgboyà rẹ̀. Ironsi ló sì jẹ́ ọ̀gá gbogbo ọmọ ogun UN ní Congo kan náà ní 1964. Ọdún tí a gba òmìnira gan-an, 1960, ni àwọn ọmọ ogun wa àkọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ sọ fún Màmá pé iṣẹ́ yìí ti wà nílé wa tipẹ́.

Tèmi wá. Oṣù Kẹjọ 2003 ni. Sierra Leone la wà, àsìkò wa ti ń tán lọ, mo ti ra aṣọ fún ìyàwó, mo ti di ẹrù. Àṣẹ dé pé Monrovia, olú ìlú Liberia, là ń lọ, pé ìlú náà ti fẹ́ tán sínú ogun. Hẹlikọ́pítà UN ló kó wa. Ọjọ́ kẹrin oṣù náà ni àwọn àkọ́kọ́ nínú wa balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Roberts. Ti ECOWAS la jẹ́ nígbà náà, fìlà búlúù àwọn ọmọ ogun UN kò sí lórí wa.

Afárá méjì ló so àárín ìlú Monrovia mọ́ erékùṣù Bushrod, níbi tí èbúté wà. Àwọn ọmọ ogun Charles Taylor, ààrẹ Liberia nígbà náà, wà lápá kan, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LURD wà lápá kejì. Taylor fi ìlú sílẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá, Calabar níbí ló sá wá. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, LURD gbà láti yọ kúrò ní èbúté, a sì wọ orí afárá.

Ẹ má rò pé a yìnbọn ká tó débẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín. Èèpo ọta bo ojú afárá náà débi pé bàtà ń yọ̀ lábẹ́ wa, bí ẹni ń rìn lórí ẹ̀wà tí wọ́n sá sílẹ̀. Bí a ṣe dúró báyìí ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwọn ará apá ọ̀hún ní ìrẹsì torí ọwọ́ wọn ni èbúté wà, àwọn ará apá ìhín ti ń já ewé jẹ. Ìyá kan tó á tó màmá mi lọ́jọ́ orí gbé bàsíà òfìfo rù, ó dúró síwájú mi, ó ní ṣé òun lè kọjá. Èmi náà ò mọ ohun tó wà lódìkejì. Mo ní kí wọ́n máa tẹ̀lé mi. Mo rìn níwájú wọn dé ìdí afárá lọ́hùn-ún, mo sì padà sáàyè mi. Nígbà tí wọ́n padà dé, bàsíà ti kún. Wọ́n bu ìrẹsì àìsè ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n ní kí n gbà. Ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n n kò gbà á, òfin ò gbà wá láyè.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, Ìyá Ìbejì. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti fi kọ́ mi ní ìbọn, ìdúró ni mo sì lọ dúró. Oòrùn pa mí, òjò pa mí, mo ṣì dúró síbẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọkùnrin kan lára àwọn tí Taylor fi sílẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ò lè ju mẹ́tàlá lọ, AK-47 kọ́ ọ lọ́rùn. Ó na ìbọn náà sí mi, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún nà án. Ìwọ Ọmọ Mọ́kọ́lá, o ní òfin ò gbà kí a yìnbọn. Òfin gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ pa ọ́, tàbí wọ́n fẹ́ pa ẹni tí wọ́n ní kí o dáàbò bò, o lè yìn. Ká ní mo yìn ín, kò sẹ́ni tó máa bi mí ní ìbéèrè méjì. Ṣùgbọ́n àlàáfíà náà ò tíì pé ọjọ́ kan, òkú ọmọ kan tó láti dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo dojú ìbọn mi kọlẹ̀, mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́. Lẹ́yìn tó lọ tán, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n kò lè tú okùn bàtà mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọjọ́ òmìnira wa, la bọ́ fìlà tiwa, a dé búlúù. Èmi kan náà, ìbọn kan náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé UN ní ọmọ ogun tirẹ̀, kò ní ṣójà ẹyọ kan. Àwọn orílẹ̀-èdè ló ń yá a: Bangladesh, Pakistan, Ghana, Ethiopia, àwa. Tí wọn ò bá yá a, kò sẹ́ni tó máa dé fìlà náà.

Ìyàwó Ológun, Àgbọ̀wọ́, dáhùn:

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tó ń dúró sílé.

Darfur ní Sudan lọkọ mi lọ ní 2007, lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Inú bárékè la ń gbé. Ọjọ́ Àìkú kan ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, mò ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, aládùúgbò mi kanlẹ̀kùn. Ó ní rédíò sọ pé wọ́n kọlu àgọ́ àwọn ọmọ ogun ní Haskanita, àti pé ọmọ Nàìjíríà wà nínú àwọn tó kú. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló ṣẹlẹ̀, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ó kéré tán, àwọn mẹ́wàá ló kú, méje jẹ́ tiwa.

Lọ́jọ́ yẹn a ò tíì mọ iye, a ò mọ orúkọ. Àwa mẹ́rin tí ọkọ wa wà ní Darfur jókòó sórí bẹ́ńṣì kan láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sẹ́ni tó dáná. Bí fóònù ẹnì kan bá dún, gbogbo wa á dìde. Ọjọ́ kejì ni ọkọ mi tó pè, ibi tí wọ́n wà jìnnà sí Haskanita. Mo sunkún títí, mo sì ń rò ó pé níbì kan, obìnrin kan bíi tèmi ni fóònù tirẹ̀ ò ní dún mọ́.

Torí náà ẹ má sọ fún Màmá pé kò séwu. Láti 1948 tí UN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwọn tó kú sẹ́nu rẹ̀ ti lé ní 4,000. Àìsàn àti jàǹbá ọkọ̀ wà lára ohun tó pa wọ́n, kì í ṣe ọta nìkan. Ibà ni kí ẹ máa bẹ àbúrò yín pé kó ṣọ́ra fún, kó má fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé, orí ilẹ̀ ló ń sùn fún oṣù kan, ó ní bẹ́ẹ̀dì ti rọ̀ jù. Àbíkẹ́yìn wa ò dá a mọ̀, ó sá sẹ́yìn mi. Owó tó mú bọ̀, a fi san gbèsè owó ilé ìwé, a ra fìríìjì. Ilé tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ń retí, a ò rí i kọ́.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí Màmá létí. Ti ìyá tó gbé bàsíà yẹn, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ò tíì rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n wọ́n jẹun lálẹ́ àná.

Bàbá Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ owó ló kù, torí ẹ̀gbọ́n wa ò tíì jáwọ́ lọ́rọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé UN ń san ju 1,000 dọ́là lóṣù fún ṣójà kan.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Èmi náà ń kọ́gbọ́n níbí, sà. Àmọ́ ẹ má bínú, tí òfin bá gbà kí ẹ yìn, kí ló dé tí wọn ò yìn ní Rwanda?

Sájẹ́ǹtì Mọníyà:

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo béèrè. Bíi 2,500 ni wọ́n ní Rwanda nígbà tí ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀, ohun ìjà wọn ò tó nǹkan, àṣẹ tí wọ́n sì fún wọn ni pé kí wọ́n máa ṣọ́ àdéhùn àlàáfíà, àdéhùn tó ti fọ́. Wọ́n pa ọmọ ogun Belgium mẹ́wàá, Belgium kó tirẹ̀ kúrò. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹrin 1994, Ìgbìmọ̀ Ààbò UN jókòó ní New York, wọ́n dìbò pé kí wọ́n dín àwọn tó kù sí 270. Nàìjíríà wà nínú ìgbìmọ̀ náà lọ́dún yẹn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣì dúró jẹ́ ọmọ Ghana, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì yè lẹ́yìn wọn. Àwọn tó dìbò, ta ló mọ ojú wọn? Fìlà búlúù ni ayé ń bú.

Bákan náà lo ní ká fi agbára parí ogun lọ́jọ́ kan. Ìyá Ìbejì ò jìnnà sí Ṣáṣá. Ẹ rántí oṣù Kejì 2021, bí ìjà Yorùbá àti Hausa ṣe bẹ́ lọ́jà, tí ilé jóná, ṣọ́ọ̀bù jóná, tí ìjọba ti ọjà pa. Ká ní wọ́n wá ẹnì kan kó wá dúró sáàárín, kó má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, títí aláta àti aláàlùbọ́sà á fi tún lè jókòó tira wọn. Èmi ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn ní Ṣáṣá. Yorùbá ni mí, ojú mi ti sọ ọ́, ta ló máa gbà mí gbọ́? Ní Monrovia, mo lè ṣe é, n kò ní ẹbí lápá ibì kankan. Síbẹ̀, àwọn kan ò gbàgbé ECOMOG, ọmọ ogun ECOWAS ti 1990, wọ́n á fojú burúkú wò wá, wọ́n á ní ṣebí ẹ̀yin lẹ bá Taylor jà. Ó gba oṣù kí wọ́n tó máa kí wa. Bí a ń jà, bíi ká kú kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìbọn là á lọ́jọ́ kan, ó ti di ẹnì kẹta nínú ìjà náà.

Èyí tó le jù kì í ṣe afárá. Gbígba ìbọn ni. Oṣù Kejìlá 2003, wọ́n ṣí ibùdó kan ní Camp Schieffelin, lẹ́yìn Monrovia, pé kí àwọn tó ti jagun wá kó ohun ìjà sílẹ̀, kí wọ́n gba owó díẹ̀. Àwọn tó yọ pọ̀ kọjá àwọn tí wọ́n ṣètò dè. Kò sí oúnjẹ tó tó, kò sí àyè, owó ò jáde lójú ẹsẹ̀. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ìjà wọ ìgboro, ẹ̀mí lọ. Èmi wà ní ojú ọ̀nà tó wọ ìlú lálẹ́ ọjọ́ náà, ìbọn àwọn tí a wá gba ìbọn lọ́wọ́ wọn ló ń kọjá lórí wa. Wọ́n dá ètò náà dúró, ó di oṣù Kẹrin 2004 kí wọ́n tó tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 100,000, ìbọn tí wọ́n kó wá ò ju bíi 28,000. Ìdí ni pé ẹni tí kò ní ìbọn lè kó 150 ọta wá. Mo rí obìnrin tó fi ìpèlé di ọta tirẹ̀, ó ń kà á fún wa ní mẹ́wàá mẹ́wàá bí ẹni ń ka àgbàdo. 300 dọ́là ni gbogbo owó tí wọ́n ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pín in sí. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé owó náà kéré. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọta tí obìnrin yẹn kà sílẹ̀ kò padà sínú ìbọn ẹnikẹ́ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó. Ìyá Ìbejì, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n wá gbọ́. Òótọ́ ni pé UN ń san ju 1,000 dọ́là lóṣù lórí ṣójà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tiwa, 1,028 ni, ní 2018 ó di 1,428. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ń san án fún, kì í ṣe ṣójà. Ìjọba ló ń sanwó oṣù rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì fi lé e lórí, ọwọ́ ìjọba ló wà. Èyí tí UN fúnra rẹ̀ ń fi lé ṣójà lọ́wọ́ lójúmọ́ ni dọ́là kan àti sẹ́ǹtì méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò pé 40 dọ́là lóṣù. Òun la fi ń ra ọṣẹ àti káàdì fóònù.

Àjẹmọ́nú míṣọ̀n tó yẹ kó wá láti ilé, ó lè pẹ́. Tèmi pẹ́ títí ọmọ mi fi pàdánù ọdún kan nílé ìwé, ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí. Ní 2008, àwọn ọmọ ogun tó ti Liberia dé jáde sí ìgboro Àkúrẹ́ nítorí àjẹmọ́nú wọn. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún, kí wọ́n tó wá dín in kù sí ọdún méje. Àwọn tó fi ẹ̀mí ara wọn dúró fún ọmọ ẹlòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n yín lọ gba ọ̀rọ̀ wọn padà lẹ́nu onílẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọkùnrin náà bá gbèsè nílé.

Ohun tó yẹ kó ṣe kó tó lọ ni kó kọ orúkọ ẹni tó máa jogún rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ dáadáa, kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ gan-an, kó sì jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ọ́n. Ẹ bá a di èlùbọ́ àti gààrì, torí ìrẹsì á sú u.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò fẹ́ gbójú fò. Àwọn kan nínú wa ṣe ohun tí kò dára níbẹ̀. Wọ́n fi oúnjẹ àti owó fa àwọn ọmọbìnrin tí ebi ń pa mọ́ra, àwọn kan lára wọn ṣì jẹ́ ọmọdé. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Káàdì kékeré kan wà tí UN ń fún wa, àpò àyà là ń fi sí, ìwà tí a gbọ́dọ̀ hù àti èyí tí a ò gbọ́dọ̀ hù ló wà lára rẹ̀. Wọ́n á fún òun náà ní tirẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ kó kọ́kọ́ rí tèmi. Kó yà lọ́dọ̀ mi kó tó lọ Jàjí, ọjọ́ Àìkú èyíkéyìí tí àyè bá ti gbà á. Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, n ó júwe ilé fún yín.